Ẹrù Tó Tóbi Ju Ọ̀nà Lọ

Mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá ti oko tàbí ọjà dé, ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń rí àyè mú ìwé yìí. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ fa fìtílà súnmọ́ yín.

Nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, a kọ́ bí a ti ń ka ìwé owó iná. Lónìí, a ó ka ìwé mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí rí. Ìwé náà ni ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ ńlá gba ojú títì.

Ẹnì kan lè wí pé, "Tísà, kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi ò ní tírélà." Ẹ má yára. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú wa rí.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÌDÁJÍ

Ní ibì kan tí kò jìnnà sí Ìgbó-Ọrà, níbi tí mo ti ń ṣètò kíláàsì àwọn àgbà, àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ láti la ilẹ̀ kan tó ti di igbó kìjikìji. Àdá àti ọkọ́ kò ká a mọ́. A dá owó jọ, a fẹ́ háyà katapílà. Nítorí pé mo ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ẹni tó ni katapílà ka iye owó rẹ̀ fún wa. Owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Owó lóbẹ́ẹ̀dì wà lọ́tọ̀. Lóbẹ́ẹ̀dì ni ọkọ̀ gígùn tí àyà rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ru ẹ̀rọ ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, àti owó ọkọ̀ kékeré méjì tí yóò sin ẹrù náà wá.

Nígbà tí a gbọ́ iye rẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀kan nínú wa bá dìde, ó ní, "Ṣebí ọ̀nà yìí náà ni tírélà ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ń gbà lójoojúmọ́? Kí ni ti ìwé? Kó gba òru wá, kò sẹ́ni tó máa rí i." A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi akọ̀wé, tó yẹ kí n béèrè ohun tó wà nínú ìwé náà, èmi gan-an ni mo mú bírò, tí mo fa ìlà pa owó ìwé àti owó ọkọ̀ méjèèjì rẹ́. Mo rò pé mo bá ẹgbẹ́ ṣọ́ owó ni.

Ọkọ̀ náà wọ ìlú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Kò sí ọkọ̀ níwájú rẹ̀, kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Páìpù èéfín katapílà dúró ṣánṣán lókè. Níbi tí wáyà iná ti rọ̀ wálẹ̀ lójú títì, páìpù náà kọ́ wáyà. Awakọ̀ kò mọ̀, ó ń lọ ní tirẹ̀. Wáyà fa òpó kan, òpó dá. Ìyẹn náà fa èkejì.

Màmá alákàrà ti jí ní àkókò yẹn. Ó ń dáná lẹ́bàá títì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Wáyà já, ó bọ́ sáàárín òun àti àdògán rẹ̀, iná ń ṣẹ́ yàràyàrà lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kí màmá náà gbé, òkú rẹ̀ ni à bá jí bá.

Ọlọ́run yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi wà nínú òkùnkùn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ iná lọ ata jókòó lásán. Fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sí nílé ìwòsàn kò tutù mọ́, wọ́n ní kí àwọn ìyá ọmọ padà sílé. A tún dá owó òpó àti wáyà. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo fa ìlà pa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, màmá alákàrà wá sí kíláàsì. Ó jókòó, kò ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Tísà, ẹ ní kí n wá kọ́ ìwé kójú mi lè là. Ojú tiyín tó ti là, kí ló rí?"

N kò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ yìí ni èsì mi.

2. ẸRÙ WO LA Ń PÈ NÍ ẸRÙ ŃLÁ?

Kì í ṣe ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́rin là ń wọ̀n: ìbú, gíga, gígùn àti ìwúwo.

Ìbú. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ìńṣì 6 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.6. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá ti ju mítà 2.9 lọ, ó ti di ẹrù tí wọn kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbé. Ẹ wá wo ojú títì tiwa. Títì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń fẹ̀ tó mítà 7.3. Ẹ pín in sí méjì, ó di mítà 3.65 fún àwọn tó ń lọ, mítà 3.65 fún àwọn tó ń bọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí katapílà ńlá fi ń ti ilẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà 4. Ìyẹn ni pé bí ó tilẹ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, yóò ṣì jẹ nínú ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá jẹ́ ọlọ́kadà tó gbé ìyá àti ọmọ, ẹ ti mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Gíga. Gíga ló ń bá wáyà jà, òun ló ń bá ẹ̀ka igi àti irin afárá jà. Láti orí ilẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n dé ṣóńṣó òkè ẹrù, kì í ṣe láti orí pẹpẹ ọkọ̀.

Gígùn. Ọkọ̀ gígùn kò lè yí kọ́nà bí ọkọ̀ kékeré. Bí iwájú rẹ̀ bá ti yà, ìdí rẹ̀ á gba inú gọ́tà tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kọjá.

Ìwúwo. Èyí ló fara pamọ́ jù lọ, nítorí ojú kì í rí i. Ní ọdún 2012, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi ẹnu kò lórí òfin kan fún ìwúwo ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ìlà táyà kan kò gbọdọ̀ gbé ju tọ́ọ̀nù 11.5 lọ. Ọkọ̀ tó tóbi jù lọ, tó ní ìlà táyà mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, tòun tẹrù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká sọ pé katapílà ńlá kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 38. Orí ọkọ̀ tó ń fà á jẹ́ tọ́ọ̀nù 9. Lóbẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 14.

38 + 9 + 14 = 61

Ẹ yọ 51 kúrò nínú 61, ó ku 10. Tọ́ọ̀nù 10 ló fi ju òfin lọ. Bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sì rí i, katapílà kò ṣeé gé sí méjì bí iṣu. Ìdí nìyí tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́tọ̀ kó tó rìn.

Kí ló dé tí òfin fi le tó báyìí lórí ìwúwo? Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ọ̀nà ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Illinois. Wọ́n la títì, wọ́n ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù lórí rẹ̀ tọ̀sántòru, wọ́n sì ń wo bó ṣe ń bàjẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù orí ìlà táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ó máa ń tó ìlọ́po 16. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ihò lójú títì, ẹ má dá òjò nìkan lẹ́bi.

3. KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ ÀṢẸ?

Ẹni tó ni ọ̀nà ló ni àṣẹ. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà pín sí mẹ́ta: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹrù ńlá bá fẹ́ gba ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà ló ń fún un láṣẹ. Bí ó bá yà sí ọ̀nà ìpínlẹ̀, ó yẹ kí ìpínlẹ̀ mọ̀. Bí ó bá wọ ọ̀nà abúlé, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, yálà ti Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá ní Ìgbó-Ọrà, ti Ìlà-Oòrùn ní Èrúwà, tàbí ti Àríwá ní Ayétẹ̀.

Ìwé àṣẹ tó pé gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

(a) Ta ló ni ẹrù, ta sì ni yóò gbé e?
(b) Kí ni nọ́ḿbà ọkọ̀ náà?
(d) Kí ni ìbú, gíga, gígùn àti ìwúwo ẹrù pẹ̀lú ọkọ̀?
(e) Ọ̀nà wo ni yóò gbà, láti ibo dé ibo?
(ẹ) Ọjọ́ wo ni yóò rìn, aago mélòó sí aago mélòó?
(f) Ọkọ̀ mélòó ni yóò sin ín?

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìwé owó orí? Ìwé tó ń sọ pé ẹnì kan ti lọ wo ọ̀nà náà ṣáájú ẹrù ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 2 ṣáájú ni ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí. Bí ọkọ̀ àti ẹrù bá ju tọ́ọ̀nù 80 lọ, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ṣáájú ni yóò sọ fún àwọn tó ni ọ̀nà àti afárá. Bí ó bá ju tọ́ọ̀nù 150 lọ, ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú ni yóò ti kọ̀wé. Wọn kò ṣe èyí láti fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó mọ agbára afárá rí àyè jókòó ṣe ìṣirò.

Ẹ ronú sí ti ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń bọ̀ ní Èrúwà gbọ́dọ̀ kọjá Odò Ògùn. Bí ẹrù kan tí a kò wọ̀n bá sán afárá níbẹ̀, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ẹni tó ni katapílà ti gbowó rẹ̀ lọ. Àwa ni tòmátì wa yóò rà sínú apẹ̀rẹ̀. Àwa ni ẹ̀gẹ́ wa yóò jókòó sí oko. Aboyún tí dókítà ní kí wọ́n gbé lọ sí Ìbàdàn kíákíá, ibo ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà?

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn ọ̀nà tán, èsì tí wọ́n máa ń rí ni pé ẹrù yìí kò lè gba títì rárá. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kì, ilé gogoro irin kan wà tí wọ́n fi ń fọ epo. Ó gùn ju mítà 110 lọ, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ojú omi ló gbà dé Lẹ́kì ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ náà sì ti kọ́ èbúté tirẹ̀ létí òkun láti máa gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lówó tó bẹ́ẹ̀ náà kò sọ pé, "Kó ṣá gba òru wá."

4. TÁYÉ NÍWÁJÚ, KẸ́HÌNDÉ LẸ́YÌN

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń sin ẹrù. Àwa ará Ìbàràpá kò nílò àlàyé púpọ̀ níbi èyí. Ta ni kò mọ̀ pé Ìgbó-Ọrà ni ìlú ìbejì? Àwọn baba wa sọ pé Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé jáde pé, "Lọ tọ́ ayé wò fún mi." Táyé á lọ, á wò ó, á ké. Kẹ́hìndé á wá jáde tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ méjì tó ń sin ẹrù ńlá. Táyé ń lọ níwájú. Ó gbé àsíá pupa, iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé, "Ẹ rọra o, ohun ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn mi." Ó sì ń sọ fún awakọ̀ ẹrù pé, "Ihò wà níwájú. Wáyà rọ̀ níbí. Dúró ná." Kẹ́hìndé ń tẹ̀ lé ẹrù lẹ́yìn. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn sáré wá já lu ìdí ẹrù, òun ló sì ń wo táyà àti ṣéènì tí wọ́n fi de ẹrù.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1865, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ooru omi gbígbóná ń wà lójú títì, wọ́n ṣe òfin pé ènìyàn 3, ó kéré tán, ni yóò máa bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan rìn. Ọ̀kan nínú wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn níwájú, ní ìwọ̀n 60 yáàdì sí i, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn ní ìgbèríko. Bí ó bá wọ ìlú, máìlì 2 péré ni. Lónìí, ọkọ̀ ti gba iṣẹ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n àsíá pupa ṣì wà níbẹ̀.

5. ÌWÉ WÀ, ṢÙGBỌ́N KÒ SẸ́NI TÓ WỌ̀N Ọ́N

Ẹ má rò pé bí ìwé bá ti wà, tí ọkọ̀ asíwájú wà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2013.

Ọkọ̀ kan gbé ẹrù gíga. Ó ní ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ asíwájú wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì na ọ̀pá gíga sórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pá náà ni pé bí ó bá gbá ohunkóhun lókè, kí awakọ̀ rẹ̀ ké sí ẹrù pé kó dúró. Wọ́n dé orí afárá irin kan lórí odò Skagit. Òkè afárá náà tẹ̀ bí ọrun: àárín rẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọlẹ̀. Bí ẹrù bá gba ọ̀nà tó súnmọ́ àárín, ì bá kọjá. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ló gbà. Ó gbá irin, ó tún gbá òmíràn. Apá kan afárá náà wó sínú omi. Ọkọ̀ méjì jábọ́ tẹ̀lé e, ènìyàn mẹ́ta sì wà nínú wọn. Wọ́n rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ láàyè.

Nígbà tí ìjọba wádìí rẹ̀, kí ni wọ́n rí? Ọlọ́kọ̀ ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kò lọ wo gíga afárá náà kí ẹrù tó gbéra. Awakọ̀ ọkọ̀ asíwájú ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹlẹ́rìí kan ní òun rí i tí ọ̀pá náà ń gbá irin afárá. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù sì súnmọ́ asíwájú rẹ̀ jù, kò bá ráyè dúró ká tiẹ̀ ní wọ́n ké sí i.

Táyé lọ síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ ayé wò.

6. BÀBÁ TÉLỌ̀ ÀTI Ọ̀PÁ ỌPARUN

Ní ọdún tó tẹ̀ lé ti katapílà, ẹgbẹ́ wa tún fẹ́ gbẹ́ adágún omi tí a ó fi máa bomi rin oko lẹ́ẹ̀rùn. A nílò ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, èyí tó ní apá gígùn bí ọrùn àgùnfọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó fa ìlà pa nǹkan kan. A san owó ìwé, a san owó ọkọ̀ méjèèjì. A lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ iná, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní NẸ́PÀ. Wọ́n wá fi ọ̀pá tiwọn wọn wáyà tó rọlẹ̀ jù lójú títì. Ó jẹ́ mítà 4.6.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹrù dé ẹ̀yìn ìlú, ó dúró. Àwa ará kíláàsì ti wà níbẹ̀. Mo gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀, mo fi lé Bàbá Télọ̀ lọ́wọ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni bàbá yìí, kò tíì pé ọdún méjì tó mọ̀wé kà. Ó fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: "Gí-ga. Mí-tà mẹ́-rin ààbọ̀... rárá. Mẹ́rin, àmì, mẹ́ta. Mítà 4.3."

Ó yọ tépù ọrùn rẹ̀. Tépù télọ̀ kò ju mítà 1.5 lọ. Ó fi wọn ọ̀pá ọparun kan nílẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, ó di mítà 3. Ó fi mítà 1.3 kún un, ó di 4.3. Ó so òwú pupa mọ́ ibẹ̀. Ó gbé ọ̀pá náà nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Òkè apá ẹ̀rọ náà ga ju òwú pupa lọ ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ara awakọ̀ kò lélẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé ti wà."

Bàbá Télọ̀ ní, "Ọmọ mi, ìwé ní 4.3. Ọ̀pá ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́, tépù mi ò sì tíì purọ́ rí láti ọdún tí mo ti ń ránṣọ."

Ọkùnrin ọkọ̀ asíwájú sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Wọn kò tíì ká apá ẹ̀rọ náà wálẹ̀ tán nígbà tí wọ́n ń dì í. Wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n ká apá náà wálẹ̀, wọ́n tún ṣéènì rẹ̀ dè. A tún gbé ọ̀pá nàró. Ó bọ́ sábẹ́ òwú pupa.

Àwọn òṣìṣẹ́ iná pa iná. Táyé ṣíwájú, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Ẹrù náà wọ ìlú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyàwó tuntun. Màmá alákàrà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà, ojú rẹ̀ wà lókè lára wáyà. Nígbà tí ẹrù kọjá tán, tí wáyà kò mì, ó padà sídìí àdògán rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wá sí kíláàsì. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Tísà, ẹ kọ́ mi ní àmì yẹn, èyí tó wà láàárín mẹ́rin àti mẹ́ta."

7. BÍ A BÁ PÀDÉ ẸRÙ ŃLÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ

(a) Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń tan iná, tó ta àsíá pupa, ẹ dín eré kù. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń rìn ní ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ dúró títí ẹrù yóò fi kọjá.

(b) Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má ki ara yín bọ àárín ọkọ̀ asíwájú àti ẹrù. Àyè tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe tiyín.

(d) Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé ẹrù, kí wọ́n má sì gun ìdí rẹ̀.

(e) Bí wáyà bá já, ẹ jìnnà sí i. Ẹ má fi igi gbé e, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé iná ti lọ. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ iná. Ẹ má sì fi ọ̀pá wọn wáyà fúnra yín láé. Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ni.

(ẹ) Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122.

(f) Bí ẹ̀yin lẹ fẹ́ háyà ẹ̀rọ ńlá fún oko tàbí fún ìlú, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó sanwó. Ẹ kà á. Ẹ wọn ẹrù, kí ẹ fi wé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Èmi tí mo ti mọ̀wé tipẹ́, ìlà ni mo fi bírò mi fà. Bàbá Télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, òwú pupa ló fi so ọ̀pá. Ẹ bá mi wo ẹni tó mọ̀wé nínú àwa méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ

1. Ohun mẹ́rin wo là ń wọ̀n lára ẹrù ńlá?
2. Kí ni iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ níwájú ẹrù? Kí ni iṣẹ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn?
3. Kí ló dé tí afárá odò Skagit fi wó, bí ìwé àṣẹ tilẹ̀ wà?
4. Wáyà ga ní mítà 4.6. Ẹrù ga ní mítà 4.3. Àyè mélòó ló wà láàárín wọn?
5. Ẹ̀rọ kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 33. Orí ọkọ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 9, lóbẹ́ẹ̀dì jẹ́ tọ́ọ̀nù 13. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣé ó ju tọ́ọ̀nù 51 lọ? Tọ́ọ̀nù mélòó ló fi jù ú?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ mú tépù tàbí okùn. Ẹ wọn ìbú ọ̀nà tó wà níwájú ilé yín nígbà tí ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ̀nà fún yín. Ẹ kọ iye mítà rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.